Omi tó fún Spa Road lórúkọ

Ìrìn àjò kékeré kan ni mo fẹ́ kí a jọ rìn lónìí, kò sì ná wa ju owó bọ́ọ̀sì lọ. Láti Peckham níbí, a ó wọ 78, a ó sọ̀kalẹ̀ ní Grange Road, ní Bermondsey. Òpópónà kan wà tó ya kúrò níbẹ̀, Spa Road ni wọ́n kọ sí i lára. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti gba ibẹ̀ kọjá kí n tó bi ara mi pé: spa wo?

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń gbé Peckham, tó bá gbọ́ spa, ibi tí wọ́n ti ń ṣe èékánná, tí wọ́n ti ń wọ́ra fún èèyàn, ló máa wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú ni Spa. Ìlú kékeré kan ni, ní Belgium, tí omi tó ní irin nínú ti ń sun láti inú ilẹ̀. Àwọn ọlọ́lá Yúróòpù máa ń rìn láti ọ̀nà jíjìn wá mu omi náà kí ara wọn lè le, títí orúkọ ìlú yẹn fi di orúkọ gbogbo irú ibi bẹ́ẹ̀. Ní 2021, UNESCO kọ Spa, àti Bath ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àti ìlú olómi mẹ́sàn-án mìíràn sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ìkógòsì wà ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Bí ẹ bá sì dàgbà nínú ilé Yorùbá, ẹ mọ ìgò àgbo tó máa ń wà lẹ́yìn mílíìkì nínú fíríìjì. Kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n "ó ń ṣiṣẹ́." Omi onírin náà rí bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. Nǹkan bí ọdún 1766, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Keyse gba ilé ọtí kan ní Bermondsey, pẹ̀lú ilẹ̀ tó yí i ká. Ayàwòrán ni, òun ló sì kọ́ ara rẹ̀. Ó fẹ́ràn kí ó máa ya ẹran lórí àtẹ alápatà, ó sì mọ̀ ọ́n yà. Ó sọ ilẹ̀ náà di ọgbà tí èèyàn ti lè jókòó mu tíì, kí ó wo àwòrán. Ní nǹkan bí 1770 ni wọ́n rí ìsun omi onírin nínú ọgbà yẹn. Kíá, ilé ọtí di Bermondsey Spa! Nígbà tó di 1784, ó gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe orin níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi iná aláràbarà tó ń bú gbàù lójú ọ̀run ṣe eré ogun Gibraltar fún àwọn àlejò.

Kò pẹ́ tí ọjà fi tú. John Thomas Smith, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun lọ síbẹ̀ ní 1795, òun nìkan ni àlejò tó ń wo àwòrán. Keyse kú ní 1800. Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọgbà náà pa.

Kí ló dé? Ọgbà ìgbádùn pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ọkàn olówó kì í sì í pẹ́ yí. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ọ̀rọ̀ imú wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i, kí Keyse tó dé ni àwọn oníṣẹ́ awọ ti wà ní Bermondsey. Omi ló fà wọ́n wá, àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú Thames, bíi Neckinger. Àwọn alápatà inú ìlú ní awọ láti tà, ara ìlú kò sì fẹ́ òórùn iṣẹ́ náà nítòsí, ni wọ́n bá tì í sí òdìkejì odò. Èèyàn á bọ awọ tútù sínú omi àti èèpo igi fún oṣù púpọ̀ kó tó di awọ bàtà. Àwọn awọ mìíràn, ìgbẹ́ ajá ni wọ́n fi ń mú kí wọ́n rọ̀. Àwọn tálákà ló ń ṣà á kiri ìgboro, tí wọ́n ń tà á fún wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni pure, ìyẹn ohun tó mọ́ tónítóní. Òyìnbó!

Morocco Street wà ládùúgbò yẹn títí dòní, ó sì yẹ kí ọmọ Nàìjíríà dúró níbẹ̀ díẹ̀. Awọ ewúrẹ́ tí àwọn èèyàn Yúróòpù ń pè ní awọ Morocco, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Hausa. Ràkúnmí ló ń gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí etíkun àríwá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rà á, wọ́n sì fi orúkọ ibi tí wọ́n ti rà á pè é, kì í ṣe orúkọ àwọn tó ṣe é.

Lẹ́yìn awọ ni rélùwéè dé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1836, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Deptford sí Spa Road, nítorí pé London Bridge kò tíì parí. Ìyẹn ni pé òpópónà olómi yìí ni ibùdókọ̀ òpin ojú irin àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí ọ̀nà bíríkì alárọ́ọ̀bù 878 ni wọ́n gbé ọ̀nà yẹn gbà lọ sí Greenwich. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti London Bridge lọ sí Deptford lónìí, orí rẹ̀ náà lẹ wà. Wọ́n ti ibùdókọ̀ Spa Road pa ní 1915.

Nítòsí ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ bísíkíìtì Peek Frean wà, ní Drummond Road, láti àwọn ọdún 1860. Ọ̀dọ̀ wọn ni Bourbon ti wá, ní 1910. Nítorí náà, ihò imú kan ń gbọ́ òórùn ṣúgà, èkejì ń gbọ́ ti awọ tútù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Omi tí àwọn olówó ń sanwó mu fún ìlera, ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò kan náà kò rí omi tó mọ́ tó láti fi wẹ̀. Dókítà kan tó ń jẹ́ Alfred Salter kó wá sí Bermondsey ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ada, kọ̀ láti gbé níbòmíràn. Joyce, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ẹni ọdún mẹ́jọ, kú ní 1910. Ibà tó ń jà láàárín àwọn ọmọ àdúgbò ló pa á. Wọn kò kó kúrò síbẹ̀síbẹ̀. Ní 1922, Ada di mẹ́yọ̀ Bermondsey, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ mẹ́yọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún yẹn kan náà ni Alfred wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ẹ wá wo ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn ṣe. Ní 1926, wọ́n ṣí ilé tí àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ti lè gba ìtọ́jú ìmọ́lẹ̀. Ní 1927, wọ́n ṣí ilé ìwẹ̀ ńlá sí Grange Road, títí kan ìwẹ̀ olóoru. Wọ́n ń ṣe fíìmù nípa ìlera, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á máa fi í han àwọn èèyàn ní ìgboro lálẹ́. Àwa tá a rò pé àwa la bẹ̀rẹ̀ fídíò, wọ́n ti ṣáájú wa! Spa padà sí Bermondsey lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn òṣìṣẹ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.

Peckham náà kò gbẹ́yìn. Ní 1935, àwọn dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, ṣí Pioneer Health Centre sí St Mary's Road. Ìdílé kan á san ṣílè kan lọ́sẹ̀, wọ́n á máa yẹ ara wọn wò kí àìsàn tó dé. Adágún ìwẹ̀ ni wọ́n fi sí àárín ilé náà, gíláàsì sì yí i ká, kí ẹni tó ń mu tíì lè máa wo ẹni tó ń wẹ̀. Wọ́n tì í pa ní 1950. Ilé náà ṣì dúró, ilé gbígbé ni báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí bísíkíìtì kí n tó jẹ́ kí ẹ lọ. Peek Frean kógbá sílé ní 1989. Nígbà yẹn, àwọn òbí wa púpọ̀ ti wà ní South London, wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru, wọ́n ń ṣe ìmọ́tótó, wọ́n ń to nǹkan sínú páálí. Bí bàbá tàbí ìyá yín, tàbí àǹtí yín kan, bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí ní ilé iṣẹ́ mìíràn nítòsí Spa Road, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n ní Sunday yìí lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n gbà, bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀, ẹni tó jókòó tì wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù yín ní èdè tó bá ti ẹnu wọn jáde, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa.