Ojú Nìkan Kọ́ Ni Ọmọdé Fi Ń Gbádùn Iṣẹ́ Ọnà

(A kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú fóísì nóòtù alẹ́ ọjọ́ Àìkú, fún àwọn tí kò ráàyè gbọ́ ọ.)

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń tẹ̀ lé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Tá a bá gbọ́ iṣẹ́ ọnà, àwòrán ara ògiri tàbí ère ló ń wá sí wa lọ́kàn, nǹkan téèyàn ń dúró wò. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tó di èédú mú, tó ń fà á síwá sẹ́yìn lára páálí, kò ní in lọ́kàn láti ya nǹkan kan. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ń wo bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe ń dúdú, ó ń rí i pé òun lòun fi àmì yẹn síbẹ̀. Ìgbádùn ẹ̀ nìyẹn. Tó bá ṣe tán, ó lè ju páálí nù kó má wò ó mọ́.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Rhoda Kellogg, kó àwòrán ọmọdé jọ, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ó kọ ìwé lórí ẹ̀ ní 1969. Ó ní ọ̀nà kan náà làwọn ọmọdé ń gbà níbi gbogbo: ìlà játijàti ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà òbírí, lẹ́yìn náà òbírí tó ní ìtànṣán bí oòrùn, kó tó wá di èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lè ya orí ńlá tí ẹsẹ̀ méjì yọ lábẹ́ ẹ̀, kò sí ikùn rárá. Ẹ má gba èédú lọ́wọ́ ẹ̀ pé ẹ fẹ́ tún un ṣe. Ó ń bọ̀ wá débẹ̀. Ẹ má sì máa bi í pé, "Kí lèyí?" Ẹ ní, "Sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi."

Ẹ jẹ́ ká wo egúngún. Àgbàlagbà ń wo aṣọ, ó ń gbọ́ bàtá. Ní ti ọmọdé, ìlù ń dún nínú àyà ẹ̀, atẹ́gùn aṣọ ń fẹ́ lù ú, ó ń sá, ó tún ń padà wá yọjú. Ẹ̀rù àti ayọ̀ jọ ń gbé e. Ìdí nìyẹn tá ò fi gbàgbé. Ṣùgbọ́n inú fóònù lọ̀pọ̀ ọmọ tá a bí síbí ti ń rí i. Ojú àti etí nìkan ni fóònù ń bọ́. Kò sí nǹkan fún ọwọ́, kò sí nǹkan fún imú.

Nǹkan tí wọ́n máa fọwọ́ kàn sì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ gba aṣọ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ aránṣọ, kí ọmọ dijú, kó fọwọ́ mọ léèsì, àǹkárá àti aṣọ òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánò, ẹ mú wọn dé ibi kòtò aró ní Kofar Mata, kí wọ́n gbóòórùn aró, kí wọ́n rí aṣọ funfun tó wọlé tó jáde ní búlúù. Ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ má gbé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ń gbé e mì.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni àlọ́. Ojú inú ọmọdé lágbára: páálí indómì á di mọ́tò, á di ìdérí ike mú bí ẹni ń wakọ̀. Tẹ́ ẹ bá pàlọ́ Ìjàpá fún un, tẹ́ ẹ lé orin tóun náà gbè é, ó ti wọnú ìtàn nìyẹn. Ẹnu ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ń pàtẹ́, ọkàn ń fò sókè. Hausa ni wọ́n ń sọ níta, Gẹ̀ẹ́sì ni nílé ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àlọ́ lálẹ́, lẹ́yìn tá a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ni Yorùbá fi máa wọ̀ wọ́n lára láìsí pàṣán.

Àjò kì í dùn kónílé má relé. Lọ́jọ́ tá a bá kó wọn délé, tí ìyá àgbà bá lé orin àlọ́, kí wọ́n lè gbè é.

Ọjà á tà o. Ẹni tó bá níbèéèrè, kó fi fóísì ránṣẹ́.