Ẹni tó ń wẹ ọmọ ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ́

Ní Oníyanrìn àti káàkiri Ìbàdàn, bí wọ́n bá bímọ, ìyá àgbà ló sábà máa ń wẹ ọmọ náà. Òun ló lè kọ́kọ́ rí i pé ojú ọmọ ti pọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú ọmọ tuntun ò gbọdọ̀ mọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì nìkan.

Kí ló ń fà á tí ojú fi ń pọ́n? Bilirubin ni, èròjà rúsúrúsú tó ń jáde nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bá fọ́. Tó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ: ọmọ lè di adití, tàbí kó má lè rìn. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni G6PD, tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì yẹn, ò tó lára wọn. Kánfọ̀ tí a kó sáàárín aṣọ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé kíkọ́ àwọn ìyá nípa ibà pọ́njú yìí lè dín ìpalára ọpọlọ kù.

Ẹ̀kọ́ náà ò le. Ẹ gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ẹ wo funfun ojú rẹ̀. Tó bá pọ́n, pàápàá láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí tí ọmọ ò mu ọmú dáadáa, ilé ìwòsàn yá. Àgbo ò tó, oòrùn àárọ̀ náà ò tó.

Ẹ ka èyí sétí màmá yín lónìí. Kí wọ́n yọ kánfọ̀ kúrò, kí wọ́n tún aṣọ ọmọ fọ̀, kí wọ́n sá a dáadáa.