Ìrántí Kọ̀ǹpútà Tó Ń Jò: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Dá Ẹni Tó Jẹ̀bi Mọ̀

Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, ètò kan wà tí ó ń jẹ́ Xorg, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa darí ohun tí ó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, kí ó sì máa gba ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tàbí máòsì, kí ó fi jíṣẹ́ fún ètò tí ó kàn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní display server. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé bí kọ̀ǹpútà bá ti wà ní títàn fún ọjọ́ mélòó kan, RAM tí Xorg gbà a máa pọ̀ sí i láti wákàtí dé wákàtí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àrùn yìí ni memory leak: ètò kan gba àyè nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, ó lò ó tán, ṣùgbọ́n kò dá a padà. Ohun tí ó mú un ṣòro láti wádìí nínú display server ni pé ẹni tí ìrántí kún lọ́wọ́ rẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀.

Ibi tí ìṣòro náà ti ṣẹ̀ wá

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe gbé X Window System kalẹ̀, èyí tí Bob Scheifler àti Jim Gettys bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984, tí ẹ̀dà rẹ̀ tí a mọ̀ sí X11 sì jáde lọ́dún 1987. Xorg ni sáfà, nígbà tí ètò ìkọ̀wé, ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ètò mìíràn tí ó ní fèrèsé lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ ya àwòrán, ó lè bẹ sáfà pé kí ó ya àyè sọ́tọ̀ fún òun, àyè yìí ni wọ́n sì ń pè ní pixmap. Ìrántí tí pixmap gbà, Xorg ni wọ́n ń kọ ọ́ sí lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ni ó yẹ kí ó sọ pé kí a tú u sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Oníbàárà tí ó bá gbàgbé dà bí ayálégbé tí ó kó ẹrù sí yàrá onílé, tí kò sì padà wá kó o: yàrá onílé ni yóò kún, tirẹ̀ yóò mọ́ tónítóní.

Pixmap kan tí ó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà tí ó ní pixel 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga, tí pixel kọ̀ọ̀kan sì gba byte 4, yóò jẹ byte 8,294,400. Bí ètò kan bá ń gbàgbé ẹyọ kan péré ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò ṣòfò ní wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gigabyte, yóò sì tó nǹkan bíi gigabyte 4 láàárín wákàtí 8. Bí RAM bá tán pátápátá, kernel, tí í ṣe ìpìlẹ̀ Linux, a máa pa ètò kan kí àwọn yòókù lè rí àyè, ètò tí ó bá sì gba ìrántí jù ni ó sábà máa ń fojú sí. Bí ó bá jẹ́ Xorg ni ó pa, gbogbo fèrèsé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò bá a lọ, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọn kò tíì fi pamọ́.

Bí ìwádìí ṣe ń lọ

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ̀ bóyá ìrántí ń jò lóòótọ́. Nínú ètò top, tí ó ń fi ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò hàn, nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ VIRT jẹ́ àpapọ̀ àyè tí ètò lè nawọ́ sí, títí kan ti káàdì àwòrán, nítorí náà bí ó bá tóbi, kì í ṣe ẹ̀rí. RES, tí ó ń sọ iye RAM tí ètò gbà ní ti gidi, ni ó yẹ kí a máa kọ sílẹ̀ lóòrèkóòrè bí iṣẹ́ kan náà ṣe ń lọ. Àwọn àwòrán tí ètò mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú kí ó má baà tún wọn yà a máa gbé nọ́ńbà náà ga, ṣùgbọ́n yóò dúró níbì kan. Ìrántí tí ó ń jò kì í dúró.

Lẹ́yìn èyí ni xrestop yóò kàn, ètò tí ó ń to àwọn oníbàárà lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì ń fi iye pixmap tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní hàn lábẹ́ Pxms. Bí ti ẹnì kan bá ń gòkè láìsọ̀kalẹ̀, kí wọ́n pa ètò náà dé, nítorí pé bí oníbàárà bá ti kúrò, sáfà a máa tú gbogbo ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, àfi bí oníbàárà náà bá ti pàṣẹ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí RES Xorg bá já wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ọwọ́ ti ba ọ̀daràn.

Ṣùgbọ́n bí àpapọ̀ ti gbogbo oníbàárà bá kéré, tí Xorg sì tóbi síbẹ̀, ìfura yóò yí sí Xorg fúnra rẹ̀, tàbí sí driver, ìyẹn ètò tí ó ń bá káàdì àwòrán ṣiṣẹ́. Níbí ni wọ́n ti ń lo Valgrind, tí ó ń ṣọ́ gbogbo àyè tí ètò bá gbà, tí ó sì ń sọ ìlà inú kóòdù tí ó gba èyí tí kò padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń mú kí ètò falẹ̀ púpọ̀. Ó sì tún ṣeé ṣe kí Xorg ti tú àyè sílẹ̀ ní ti tirẹ̀, kí àyè náà má tíì padà sọ́dọ̀ kernel, nítorí pé àwọn ègé kéékèèké tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ti há sáàárín rẹ̀.

Wayland, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 láti rọ́pò X, yí ìlànà yìí padà, nítorí pé níbẹ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń pèsè àyè àwòrán tirẹ̀. Èyí kò fi òpin sí jíjò: lọ́dún 2018, àwọn tí ó ń ṣe GNOME Shell, ètò tí ó ń ṣe iṣẹ́ display server lórí Wayland, ní láti tún ọ̀nà tí agbálẹ̀ ìrántí rẹ̀ (garbage collector) ń gbà ṣiṣẹ́ ṣe, nítorí pé àwọn ohun tí wọn kò lò mọ́ ń pẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀.

Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú àléébù yìí tó àwọn olùṣe ètò létí, kí ó kọ ẹ̀dà Xorg àti driver tí ó ń lò, iye RES pẹ̀lú àkókò tí ó kà á, àti ohun tí xrestop fi hàn, kí ó sì rí i dájú pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ètò tí ó jẹ̀bi ni ó fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí.