Ìbéèrè Kan Nípa ‘Ẹ Kú’
“Àǹtí, ṣé ikú wà nínú ‘ẹ kú ilé’ ni?”

Àbúrò mi tó ní ọ́tísímù ló bi mí bẹ́ẹ̀ lójú àlejò. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, mirí: “Ọmọ yìí kì í ronú jinlẹ̀.”

Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá kò rí èsì fún un. Oṣù mẹ́ta ni òun fi kó ìkíni jọ sínú ìwé: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, ẹ kú àtijọ́, títí ó fi pé 140. Oúnjẹ a máa tutù níwájú rẹ̀.

Ní 2005, Dinah Murray, Mike Lesser àti Wenn Lawson (Lawson fúnra rẹ̀ ní ọ́tísímù) ṣàlàyé pé ọkàn irú wọn sábà máa ń rì sínú ìwọ̀nba nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí tàwọn ẹlòmíràn ń pín sí ọ̀nà púpọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn sọ pé àbúrò mi ló jinlẹ̀ jù. Màmá Ìbàdàn a máa mọ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kí onítọ̀hún tó lanu. Ìyẹn náà jinlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá pè é: “Ṣé o ti kọ ‘ẹ kú ojú lọ́nà’?”

Ó ṣíwèé wò. Kò sí níbẹ̀.