Bí A Ti Ń Wo Ihò Kùsà Ìgbàanì láti Òfurufú

Ní Norfolk, níhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá kan wà tí à ń pè ní Grime's Graves. Ẹni tí ó bá ń rìn lórí rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tí koríko bò, yóò gun etí rẹ̀ jáde, yóò sì tún bá òmíràn pàdé níwájú. Grim jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ Woden, òrìṣà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bọ kí ìhìnrere tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun li àwọn ará ìgbàanì ka iṣẹ́ náà sí lọ́wọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì wí pé àgọ́ ogun àwọn ará Denmark ni.

Àlùfáà kan, William Greenwell ti Durham, li ó tú àdììtú yìí. Láti ọdún 1868 títí di 1870 li ó fi wa ọ̀kan nínú àwọn kòtò náà dé ìsàlẹ̀, èyí tí ó jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40. Níbẹ̀ li ó ti rí ọ̀nà tóóró tóóró tí ó gba inú ilẹ̀ ẹfun lọ, àti ìwo àgbọ̀nrín tí a fi ń wa ilẹ̀. Eruku ẹfun ṣì lẹ̀ mọ́ díẹ̀ nínú ìwo wọnnì, ipa ìka òṣìṣẹ́ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe òrìṣà li ó gbẹ́ ihò náà bí kò ṣe ènìyàn. Òkúta akọ, irú èyí tí a ń fi sí ìbọn láyé àtijọ́, ni wọ́n ń wá láti fi ṣe àáké àti ọ̀bẹ, ní nǹkan bí ọdún 4,600 sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kòtò kan ṣoṣo kò lè sọ bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Èyí li a fi ń wá ojú àwòdì. O. G. S. Crawford, ẹni tí ó ti bá wọn fò nínú ogun 1914 sí 1918, wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí han ayé. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà jáde li ọdún 1924.

Ọ̀nà mẹ́ta li ilẹ̀ fi ń sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹni tí ó wà lókè. Èkínní ni òjìji: bí oòrùn bá ń yọ tàbí tí ó ń wọ̀, etí kòtò a máa ju òjìji sínú rẹ̀, a ó sì rí kòtò tí ó ti fẹ́rẹ̀ dí. Èkejì ni ohun ọ̀gbìn: erùpẹ̀ tí ó kún ihò àtijọ́ jìn, ó sì ń pa omi mọ́, nígbà ọ̀dá, ọkà orí rẹ̀ a tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti àyíká ti ń pọ́n. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí à ń pè ní lídà, tí ń rán ìtànṣán sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú. Díẹ̀ nínú ìtànṣán náà a gba àárín ewé kọjá dé ilẹ̀, a ó sì fi ìwọ̀nyí ya àwòrán ilẹ̀ bí ẹni pé a ti ṣán igbó náà. Báyìí li a ti ṣe ní Krzemionki ní ilẹ̀ Pólándì, níbi tí ihò kùsà ìgbàanì tí ó ju 4,000 lọ wà nínú igbó.

Ní Grime's Graves, àwòrán láti òkè fi kòtò tí ó ju 400 lọ hàn, tí wọ́n fara ti ara wọn bí ebè nínú oko iṣu. Bí wọ́n bá ti kó òkúta inú ihò kan tán, wọ́n a da ẹfun tí wọ́n ń kó jáde nínú òmíràn sí i. Nígbà tí ẹfun náà rọlẹ̀, kòtò tí a ń rí lónìí li ó kù.

Síbẹ̀, àwòrán kò lè sọ ọjọ́ orí ihò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ipa ìka hàn wá. Ojú òkè fi bí iṣẹ́ ti gbòòrò tó hàn; ọkọ́ Greenwell fi ènìyàn hàn. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ gba ipò èkejì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀ràn yìí kàn wá. Àwọn bàbá wa yọ́ irin, ìdàrọ́ wọn sì ń bẹ nínú oko títí di òní. Ibi tí a bá ti tẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ pẹrẹsẹ tàbí tí a kó o dà sójú ọ̀nà, kò sí ọkọ̀ òfurufú tí yóò rí i mọ́, kò sì sí ọkọ́ tí yóò bá nǹkan níbẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó, kí wọ́n kọ ibi tí ó wà sínú ìwé, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí àgbà ṣì ń bẹ.