Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ẹlẹ́ni mẹ́ta-mẹ́ta

Ní ọdún 2011, ní Rimini, orílẹ̀-èdè Ítálì, ni FIBA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lágbàáyé, kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbáyé eré yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 18 lọ. New Zealand ló gba ife-ẹ̀yẹ ti ọkùnrin. Ọdún tó ṣáájú ni Serbia ti borí nínú eré yìí, ní ti ọkùnrin, níbi Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Singapore.

Ìdajì pápá ni wọ́n ń lò, àwọ̀n kan ṣoṣo. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́ta ń gbá a, ẹnì kan ń dúró láti pààrọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú 10 péré ni. Ẹgbẹ́ tó bá tètè ní ayò 21 ti jáwé olúborí.

Ibi tó wù mí jù rèé: bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, eré kì í dúró. Ẹgbẹ́ kejì á gbé e lábẹ́ àwọ̀n lójú ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e jáde kọjá ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ níwájú àwọ̀n, kí wọ́n tó lè jù ú sáwọ̀n. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ni wọ́n ní láti jù ú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò gbọdọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń fúnra wọn ronú.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, àwọ̀n kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbìyànjú rẹ̀.