Ta Ni Ó Ń Ta Sìgá fún Ọmọ Wa?

Bí ọmọ ilé-ìwé bá ń mu sìgá, a máa ń wí pé ọ̀rẹ́ burúkú ni ó kọ́ ọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà rà á ni. Lọ́wọ́ ta ni?

Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, orí àtẹ ìyá kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì àti bísíkíìtì. Owó páálí kan kò sí lápò ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tó ra ẹyọ kan. Ìkìlọ̀ tí ó wà lára páálí, kò sí lára ẹyọ tí ó mú lọ.

Nítorí èyí ni òfin tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 kò fi gbà kí a ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí kò sì gbà kí a tú páálí sìgá tà ní ẹyọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í wá sí abúlé nítorí sìgá. Àwa ìyá ni ọlọ́pàá ibẹ̀.

Ẹ má wí pé kí ni ẹyọ kan lè ṣe. Oògùn kan ń bẹ nínú tábà, nikotíìnì ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ń sọ ènìyàn di ẹrú. Ọpọlọ ọ̀dọ́ ṣì ń dàgbà, nítorí náà ó tètè ń mú wọn. Ó wà nínú aṣáà pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé tábà lè pa tó ìdajì àwọn tí kò bá fi í sílẹ̀.

Ẹ wo inú ilé náà. Bí bàbá àgbà bá ní kí ọmọ lọ fi ẹyín iná tan sìgá wá, ọmọ náà yóò fà á kí ó tó ràn. Ilé ni ó ti tọ́ ọ wò.

Ìyá kan lè wí pé, “Èrè rẹ̀ ni mo fi ń san owó ilé-kéú ọmọ mi.” Ìyá wa, a kì í ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ kí a fi kọ́ tiwa. Iyọ̀ àti ọṣẹ kò ní èrè púpọ̀, ṣùgbọ́n alùbáríkà ń bẹ nínú rẹ̀.

Ẹ kó o kúrò lórí àtẹ. Ẹ má rán ọmọ ra sìgá tàbí aṣáà mọ́. Bí ẹ bá sì gbóòórùn rẹ̀ lára ọmọ yín, ẹ má kọ́kọ́ mú pàṣán. Ẹ fi sùúrù bi í ibi tí ó ti rà á, kí ẹ sì lọ bá ẹni náà sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa yè. Àmín.